Ẹ Fi Iṣẹ́ Lé Ọmọbìnrin Náà Lọ́wọ́

Ní Amẹ́ríkà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, obìnrin kò pọ̀ ní sáìtì ìkọ́lé. Láti ọdún 1978 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ wọn fi ń sọ pé lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́lé tí wọ́n bá gbé fún agbaṣẹ́ṣe, ó yẹ kí obìnrin ṣe ìdá 6.9 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí iṣẹ́. Títí di òní, àwọn obìnrin tó wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ ìkọ́lé níbẹ̀ kò tíì tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó wà níbẹ̀ kò wá àánú wá. Iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ mọ̀, ẹ̀yin ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ mi ni mo sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Nǹkan bíi wákàtí 8,000 ni ọmọṣẹ́ iná sábà máa ń lò lẹ́nu iṣẹ́ kó tó gbòmìnira. Èèyàn lè lo wákàtí yẹn pé kó má mọ̀ ju ilẹ̀ gbígbá lọ. Mo ti rí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin fi ń tẹ páìpù, tó ń so wáyà. Ọmọbìnrin ṣì ń gbálẹ̀, ó ń di àkàbà mú fún ẹlòmíì, ó ń sáré lọ gbé ẹrù wá. Kò sẹ́ni tó bú u o. Wọ́n ń kí i dáadáa láràárọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kò mọṣẹ́. Ta ló fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́? Èyí dùn mí ju èébú lọ, torí èébú, gbogbo ayé á gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń pín iṣẹ́, ẹ wo ẹni tó gbálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ẹlòmíì gbá a lọ́tẹ̀ yìí.

Bákan náà ni ìrànlọ́wọ́ tí ọmọbìnrin náà kò bẹ̀ yín fún. Bí nǹkan bá le díẹ̀, ọkùnrin á ti já irinṣẹ́ gbà: "Gbé e wá, jẹ́ n bá ẹ ṣe é." Ire ló ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó ti gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi bí a ṣe ń ṣe é hàn án, kẹ́ ẹ yẹra.

Bẹ́líìtì ààbò tó bá tóbi ju ara lọ, èèyàn lè yọ nínú rẹ̀ bó bá já bọ́ látòkè. Láti 13 Oṣù Kìíní 2025, òfin ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́lé ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ ní pàtó pé ohun ìdáàbòbò gbọ́dọ̀ bá ara òṣìṣẹ́ mu. Kò yẹ kó jẹ́ obìnrin nìkan ni yóò máa béèrè. Bí mo bá ń sọ ohun tá a nílò fún ọ̀gá, mo máa ń ka ìbọ̀wọ́ kékeré mọ́ ọn.

Bí oníbàárà bá kọjú sí yín láti béèrè nípa iṣẹ́ tí obìnrin ṣe, ẹ ní kó bi ẹni tó ṣe é. Bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá nípa rẹ̀, yálà ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ pé ẹ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dákẹ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ máa bá a kẹ́dùn ní kọ̀rọ̀.