Qissīs: Orúkọ Àlùfáà tí Mo Tọpasẹ̀ Rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù

Àlejò tó bá dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù kò ní pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà “Abūnā”, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “Bàbá wa”, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Kristẹni tí ń sọ èdè Lárúbáwá ṣe ń pe àlùfáà wọn lójúkojú. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń lò, ìjọ tí ọkùnrin náà wà ló sì ń pinnu èwo ni yóò jẹ́. Amọ̀nà wa, tí í ṣe ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ṣàlàyé pé khūrī ni tiwọn, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Luther àti Áńgílíkà ń lo qissīs, tàbí qiss ní kúkúrú. Inú èdè Gíríìkì ni khūrī ti wá, láti ara orúkọ oyè bíṣọ́ọ̀bù tí ń bójú tó àwọn ìletò, ó sì ti di orúkọ ìdílé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Palẹsítínì àti Lẹ́bánónì.

Ọ̀rọ̀ qissīs ló gba ọkàn mi jù. Nígbà tí a padà sí Jerúsálẹ́mù, mo lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì ti Máàkù Mímọ́ nínú ìlú àtijọ́, níbi tí ìjọ Síríà ti ń fi èdè Síríákì, ẹ̀ka kan lára Árámáíkì, ṣe ìsìn títí di òní. Èdè yìí ni orísun rẹ̀: qaššīšā, ẹni tó ti dàgbà. Nínú Bíbélì Síríákì, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló wà ní Títù 1:5, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí Títù yan àwọn alàgbà ní ìlú gbogbo. Inú mi dùn gidigidi sí èyí, nítorí “alàgbà” ni Bíbélì Yorùbá náà lò níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “àlùfáà”, orúkọ tí àwọn baba wa ti fi ń pe àwọn olùkọ́ Mùsùlùmí tẹ́lẹ̀, ni Bíbélì kan náà fún Áárónì àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Qissīs wà nínú Àlùkùránì pẹ̀lú. Súrà Al-Mā’ida, ẹsẹ̀ 82, sọ pé àwọn Násárà, ìyẹn àwọn Kristẹni, ló sún mọ́ àwọn onígbàgbọ́ jù ní ìfẹ́, nítorí pé àwọn qissīsīn àti ruhbān, ìyẹn àwọn mọ́ńkì, wà láàrin wọn, wọn kì í sì í gbéraga. Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá ayé àtijọ́ so qissīs mọ́ qass, tí í ṣe títọpa nǹkan àti wíwá a kiri ní òru. Àlàyé tó lẹ́wà ni, ó sì yẹ ẹni tí ń ṣàìsùn nínú àdúrà, ṣùgbọ́n ti Síríákì ni mo gbà, nítorí pé àwọn Kristẹni tí ń lo èdè náà nínú ìsìn ti wà káàkiri etí aṣálẹ̀ Arébíà ṣáájú ìgbà Ànábì Muhammad.

Lórí òrùlé Ìjọ Ibojì Mímọ́, níbi tí àwọn mọ́ńkì Etiópíà ń gbé nínú àwọn yàrá kéékèèké ní Deir es-Sultan, mo tún bá ọ̀rọ̀ náà pàdé. Qes tàbí qesis ni àlùfáà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tí ń sọ èdè Swahili náà ní kasisi, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá.

Ẹni tó bá ń lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tàbí Jerúsálẹ́mù lè fi “Abūnā” kí àlùfáà Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tàbí ti Kátólíìkì láìṣiyèméjì. Ní ìjọ Luther tàbí Áńgílíkà, kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí bí àwọn ọmọ ìjọ ṣe ń pe aṣáájú wọn, nítorí qissīs ni yóò máa gbọ́ jù níbẹ̀.