Ẹ̀kọ́ tí mo fi 300 fúláwà kọ́

Oṣù yìí ni mo pé ọdún 10 nídìí iṣẹ́ tissue culture, ìyẹn fífi ègé ewéko kékeré hu ewéko tuntun nínú ìgò ní láàbù, nílùú Ìlọrin. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ láàbù, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ ìyá ewéko tí ẹ ń gé lára rẹ̀.

Ìkejì, ẹ má jẹ́ kí ara ewéko kọ́kọ́ di callus, ìyẹn ìṣùpọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì di ẹ̀yà kankan, kó tó yọ ọ̀mùnú, bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ jọ ìyá. Àbùdá rẹ̀ lè yí, pàápàá tí ẹ bá ń pín in láti ìgò dé ìgò láìsinmi. Ìyípadà yìí ni Larkin àti Scowcroft pè ní somaclonal variation lọ́dún 1981.

Àmọ́ ti àkọ́kọ́ yẹn ló dójú tì mí. Oníbàárà kan láti Ọ̀ffà fẹ́ 300 ‘Laurentii’, ìbátan ọjá ìkookò wa, èyí tí yẹ́lò yí etí ewé rẹ̀ ká bí ìṣẹ́tí aṣọ. Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta fúláwà létí títì ní GRA ni mo ti ra ìyá ewéko náà. Bó ṣe ń fi láílọ́ọ̀nù wé e, ó ní: “Ìdí ni kó o ti pín in o, ọmọ mi. Tó o bá fi ewé gbìn ín, etí yẹn ò ní bá a wá.” Mo ní ẹ ṣé mà. Nígbà tí mo dé láàbù, ọ̀gá mi ní ewé ni kí n gé, pé ó yá jù. Mo gé e.

Wọ́n hù dáadáa. Wọ́n tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan tó ní ìṣẹ́tí.

Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì tí àbùdá wọn ò dọ́gba ló ń gbé pọ̀ nínú ewé yẹn. Chimera ni wọ́n ń pè é. Ọ̀mùnú tó bá ti ara ewé jáde, àwọn sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé nìkan ló ń bí i. Ìdí rẹ̀, níbi tí ojú èéhù wà, ni àwọn méjèèjì ti ń jùmọ̀ dàgbà.

Lójú oníbàárà, ọ̀gá mi ní èmi ni mo ṣàṣìṣe. Ó mọ̀ pé òun ló pàṣẹ. Ó ṣì ń dùn mí. Èyí tó dùn mí ju ìyẹn lọ ni pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ti sọ fún mi, mi ò fetí sí i torí kò wọ ẹ̀wù láàbù. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni ìkẹta tí mo fẹ́ sọ wà.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá náà. Ó fi ọ̀bẹ ìdáná la ìdí kan sí mẹ́ta lójú mi. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi ní Tánkẹ̀, ìṣẹ́tí rẹ̀ pé.