Lísìtì «Tí Iná Bá Dé»

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni lísìtì iṣẹ́ ilé máa ń di títúnkọ, lẹ́yìn oúnjẹ, kí oorun tó dé. Kí báírò tó kan abala tuntun, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yẹ ká kọ́kọ́ kà, pàápàá àwọn ìlà tí a kò tíì fagi lé. Ohun tó bá ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò kúrò, ẹ má tètè pe ara yín ní ọ̀lẹ. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ ló ṣeé ṣe kó burú: bóyá kì í ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ lè mú, bóyá kò ní olúwa rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan kan wà tó ń dúró dè tí ẹnì kankan kò kọ sílẹ̀.

Ẹ wo «ètò iléèwé àwọn ọmọ». Ta ló lè dìde nísinsìnyí kó lọ ṣe é? Bí iṣẹ́ mẹ́wàá ló sá pamọ́ sínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń fò ó kọjá lójoojúmọ́. Ẹ tú u palẹ̀: kó yúnífọ́ọ̀mù jáde kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ tiẹ̀ wò, fi rúlà wọn ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan lé e kí ẹ tó lọ ra bàtà, yẹ ìwé tó ṣì dára wò, kọ èyí tó kù, béèrè iye owó táàmù tuntun. Ìgbà tí ìlà náà bọ́ sí tún ṣe pàtàkì. Oṣù Keje, ní ọ̀sẹ̀ tí iléèwé bá gba ọlidé, ni kí wíwọ yúnífọ́ọ̀mù wò ti wà lórí lísìtì. Tí oṣù Kẹsàn-án bá wọlé, aṣọ gbogbo àdúgbò ti kún ilé télọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé tiẹ̀ bọ̀ á máa gbọ́ «ẹ padà wá lọ́tùnla» títí ọmọ á fi wọ ṣòkòtò tó ti fò sókè kókósẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì.

Ti olúwa iṣẹ́ kò gùn. Ìlà tí kò bá ní orúkọ níwájú, gbogbo ilé ló máa rò pé ẹlòmíràn ń ṣe é. Orúkọ kan ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ méjì. Ọmọ ọdún méje lè ṣa ẹ̀wà, ó lè ká aṣọ, ó lè já ẹ̀fọ́. Tí orúkọ tiẹ̀ náà bá wà lára ògiri, òun gan-an ni á máa wá báírò kiri láti fagi lé e. (Bàbá ilé náà gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀. «Ràn wọ́n lọ́wọ́» kì í ṣe ìlà.)

Ẹ̀kẹta, ohun tí iṣẹ́ ń dúró dè, ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, torí àwọn lísìtì orí fóònù kò mọ̀ ọ́n rárá. Wọ́n á ní kí ẹ kọ «aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́: lọ aṣọ». Iná wo? Ìpele márùn-ún, láti Band A dé Band E, ni iléeṣẹ́ iná pín àwọn ilé sí, gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tí wọ́n ṣèlérí fún wọn lójúmọ́: ti Band A jẹ́ ó kéré tán 20. Ti Band D jẹ́ 8, ti Band E jẹ́ 4, kò sì sẹ́ni tó sọ wákàtí wo nínú ọjọ́. Iṣẹ́ tó nílò iná kò gbọdọ̀ ní aago. Ẹ ya abala kan sọ́tọ̀ fún un, ẹ kọ «TÍ INÁ BÁ DÉ» sórí rẹ̀ gàdàgbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ojú gbogbo ilé ti lè rí i, kí ẹ sì to iṣẹ́ sí i bí wọn yóò ṣe máa tẹ̀lé ara wọn. Peter Gollwitzer, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tó ń ṣèwádìí nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ ọ́ ní 1999 pé ẹni tó bá so iṣẹ́ mọ́ àmì kan, pé «bí èyí bá ṣẹlẹ̀, èyí ni màá ṣe», sábà máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní in lọ́kàn lọ. Àmì wo ló tún dájú ju ariwo «Up NEPA!» tí àwọn ọmọ máa ń pa lọ?

Ìlà kìn-ín-ní: kí ẹnikẹ́ni má tan fíríìjì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè ga jù, ó lè rẹlẹ̀ jù, ó sì lè lọ kó tún bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fìdí jókòó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ fíríìjì tó bá ń kú tó ń jí lọ́nà yẹn kì í pẹ́ bàjẹ́. Fáànù ni kí ẹ wò. Tó bá ń yí bí ẹni tí ó rẹ̀, iná kò tíì tó.

Ìkejì, pọ́ǹpù omi, torí omi ni gbogbo iṣẹ́ yòókù ń dúró dè, ó sì tún gba àkókò. Ẹ mọ bó ṣe ń fa omi sí: ẹ gbé garawa 20 lítà sábẹ́ ẹnu páìpù, ẹ wo aago. Tó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 40, ó ń fún yín ní 30 lítà ní ìṣẹ́jú kan, táǹkì 1,000 lítà tó ṣófo yóò sì gba bíi ìṣẹ́jú 33. Ẹ kọ iye yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni omi máa ń ṣàn kúrò lórí táǹkì rẹ̀ wọ ọgbà aládùúgbò, tí yúníìtì á sì máa jó lọ.

Lórí yúníìtì: ẹ wo mítà kí ẹ tó tan pọ́ǹpù. Ọ̀sán ló dára láti ra tókìn, kí nọ́ńbà onídíjíìtì 20 tí ẹ máa tẹ̀ sínú mítà ti wà lórí fóònù kó tó di alẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń yọwọ́.

Kí pọ́ǹpù tó parí, ẹ ki fóònù, àtùpà àti power bank bọ iná. Wọn kò gba iná púpọ̀. Ata náà lè di lílọ. Àmọ́ níbí ni lísìtì púpọ̀ ti ń ṣàṣìṣe: iná á dé, ata ṣì wà nínú nylon pẹ̀lú ìdí lórí. Fífọ ata, yíyọ ìdí rẹ̀, gígé àlùbọ́sà, èyíkéyìí nínú wọn kò nílò iná. Orí abala ti ojoojúmọ́ ló yẹ kí wọ́n wà, kó jẹ́ pé ìlọta nìkan ló ń dúró de NEPA. Bákan náà ni fún aṣọ: ẹ ti yan èyí tí ẹ fẹ́ lọ̀, bọ́tìnnì tó já ti di rírán, omi ìwọ́n ti wà nínú ike.

Áyọ́ọ̀nù ló gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí pọ́ǹpù bá ti kú. Tí méjèèjì bá jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná rẹlẹ̀, pọ́ǹpù á kàn máa kùn láìfa omi, wáyà inú rẹ̀ á gbóná títí á fi jóná. Wákàtí kan gbáko tí áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì bá fi ń fa iná, yúníìtì kan nìyẹn, nítorí náà ẹ kó aṣọ ọ̀sẹ̀ jọ lọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dípò ẹyọ kan ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò fẹ́ ooru ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná gan-an; ẹ wá bọ́ sórí àǹkárá àti òwú; ẹ pa á nígbà tó bá ku aṣọ méjì péré. Ooru tó kù nínú rẹ̀ tó fún áńkáṣífì àti ìborí.

Gáàsì yàtọ̀. Òun kì í dédé dé, ṣùgbọ́n ó máa ń dédé tán, òru ọjọ́ Àbámẹ́ta tí àlejò wà nílé ló sì fẹ́ràn jù. Ìwọ̀n sílíńdà òfìfo wà ní fífín sára rẹ̀ lókè, nítòsí ibi ìdìmú. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ yọ iye yẹn kúrò, ohun tó kù ni gáàsì inú rẹ̀. Tí sílíńdà tí wọ́n fín 15 sí lára bá wọn kílò 18, kílò mẹ́ta ló kù. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ bá kún un sórí kàlẹ́ńdà. Bí kílò 12.5 bá ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé yín, bíi gíráàmù 300 lójúmọ́ nìyẹn, kílò mẹ́ta yẹn á sì gbé yín dé ọjọ́ kẹwàá. «Kún gáàsì» yóò bọ́ sórí lísìtì ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ yín bá ti fẹ́ gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Ìlà kejì tó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀: fi ìfófò ọṣẹ pa ẹnu fáàfù lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán. Tó bá ń hó pùkẹ̀pùkẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jò. Ẹ pa á, ẹ má ṣáná.

Jẹnẹrétọ̀ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí ìwé rẹ̀ bá ní kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní wákàtí 100, tí ẹ sì ń tan án fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ 25 ni. «Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù» tí a sábà ń sọ ti pẹ́ díẹ̀ jù.

Àwọn nǹkan ọlọ́dún àti ti ọmọ ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ lísìtì ojoojúmọ́. Ìwé ọkọ̀, páásípọ́ọ̀tù, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ tuntun ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, lẹ́yìn náà ní oṣù 9 àti 15: kàlẹ́ńdà ni ilé wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bí ọmọ ni kí ẹ ti ka gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn sórí rẹ̀.

Mélòó wá ni iṣẹ́ lójúmọ́? Mẹ́ta tó pọn dandan, mo fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tó kù, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ìlà, tó bá ṣeé ṣe ó ṣeé ṣe. Ìdí ni pé a kì í mọ àkókò díwọ̀n. Ẹ kọ «ọjà Bódìjà: wákàtí kan», ẹ gbàgbé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ gbàgbé ìnájà iṣu, ẹ gbàgbé ìlà tí ẹ máa tò níwájú ẹlẹ́rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ àti èlùbọ́. Daniel Kahneman àti Amos Tversky ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1979: ẹni tó ń díwọ̀n iṣẹ́ máa ń wo bó ṣe máa lọ tí gbogbo nǹkan bá bọ́ sójú ẹ̀, kì í wo bó ṣe lọ ní tòótọ́ nígbà tó kọjá. Egbòogi rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ kọ iye àkókò tó gbà gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí ẹ fagi lé, kí ẹ sì lo iye yẹn nígbà míì, kódà bí ó bá dùn yín.

Ó wá ku àfojúsùn ara ẹni, èyí tí iṣẹ́ ilé máa ń gbé mì. Abala tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló yẹ kó wà, kí ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo láti inú rẹ̀ máa wọ inú mẹ́ta ti òòjọ́. Bí a ṣe ń tọ́jú ìṣísẹ̀ náà, alájọ ló mọ̀ ọ́n jù. Ẹ wo káàdì rẹ̀: àpótí 31 fún oṣù kan, ẹyọ kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àpótí àkọ́kọ́ sì jẹ́ owó iṣẹ́ alájọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń fẹ́ ₦600,000 owó ilé, tó ń dá ₦2,000 lójúmọ́, yóò kó ₦60,000 ní oṣù ọlọ́jọ́ 31 lẹ́yìn tí alájọ bá ti mú tirẹ̀. Láàárín bíi oṣù mẹ́wàá sí mọ́kànlá, owó ilé ti pé. Alájọ kì í béèrè pé «owó ilé ńkọ́?» Ti òní ló ń béèrè.

Àfojúsùn tí kì í ṣe owó náà gba káàdì. Ká ní ẹ fẹ́ kọ́ bùbá rírán. Tí ẹ bá kọ «rán bùbá» sínú àpótí, ó lè ṣófo fún oṣù kan. «Ìṣẹ́jú 30 nídìí ẹ̀rọ» ló yẹ kó wà nínú àpótí, kí àwọn ìṣísẹ̀ wà ní ẹ̀yìn káàdì: kó òwú sí bọ́bìnì kó má já, rán ìlà gbọọrọ sórí àkísà títí á fi tọ́, wọn èjìká, àyà, apá àti gígùn, gé bùbá náà sára ìwé ìròyìn kó tó kan aṣọ, rán ọrùn lọ́tọ̀ lórí àkísà, torí ọrùn ló máa ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni àwọn àpótí tí a bá fò. Alájọ tó bá bá ọ lọ́jọ́ tí kò sówó á fò ó, á sì padà wá lọ́la. Ẹ má ṣe fi wákàtí mẹ́ta ọjọ́ Àbámẹ́ta san gbèsè ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ̀yìn á dùn yín, ọjọ́ Ajé á sì tún ṣófo.

Ìlà tó bá ti ṣí lọ síwájú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ má kọ ọ́ nígbà kẹrin bó ṣe wà. Ẹ tú u sí kékeré, ẹ fi orúkọ ẹlòmíràn sí i, ẹ gbé e lọ sórí abala «tí iná bá dé», tàbí kí ẹ pa á rẹ́. Pípa rẹ́ kò burú; «to fọ́tò àtijọ́ sínú álúbọ́ọ̀mù» lè dúró di ọdún tí ẹ bá fẹ̀yìntì. Ẹ má sì sọ àwọn abala tó ti kún nù. Ẹ kó wọn sínú nylon kan sẹ́yìn àpótí ìkówèésí, torí nínú oṣù Keje tó ń bọ̀, ibẹ̀ lẹ máa ti rí bí ẹsẹ̀ ọmọ ṣe gùn tó lọ́dún tó kọjá, àti iye tí télọ̀ gbà.