Ìbò Tí Mo Dì ní Houston

"Ẹ̀yin tí ìbò yín níyì." Bí àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn ṣe máa ń pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn, nígbàkigbà tí mo bá ráhùn nípa Amẹ́ríkà. Lójú tiẹ̀, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù níbí ló ń wọlé, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Mo ti ṣàlàyé títí. Lọ́dún 2016, ó kù díẹ̀ kí ìbò tí Hillary Clinton fi ju ti Donald Trump lọ pé mílíọ̀nù 3, síbẹ̀ Trump ló di ààrẹ. Ohun kan náà ló ṣe Al Gore lọ́dún 2000. Ẹnikẹ́ni ò gbé àpótí ìbò sá lọ o. Àwọn aṣojú 538 ló ń yan ààrẹ, ẹni tó bá rí 270 nínú wọn ló gbé e. Ní 48 nínú ìpínlẹ̀ 50, ẹni tó bá ti lékè, ì báà jẹ́ ìbò kan péré ló fi lékè, òun ni yóò kó gbogbo aṣojú ibẹ̀. Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ò kàn fẹ́ ká wá bá yín ni."

Ti ilé, ta ni mo fẹ́ rò ó fún? Ọkọ̀ ò rìn, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, wọ́n ń ka ìbò sókè, àdúgbò ń bá wọn kà á. Dìbò-kóo-sebẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n dídá dìbò tí a ń dá dìbò níbí, òun ló ń dùn mí. Oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni mo dì tèmi àkọ́kọ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Gbogbo wa bo imú bo ẹnu, a jìnnà síra lórí ìlà, kò sẹ́ni tó ki ara wọn kú ìdúró. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo fóònù nítòsí ẹ̀rọ ìdìbò. Mo rò pé màá tẹ orúkọ ààrẹ, màá sì lọ sùn. Irọ́ ni! Sẹ́nétọ̀ tẹ̀ lé e, kọmíṣánnà ọkọ̀ ojú irin náà wà níbẹ̀ (epo rọ̀bì àti gáàsì ni iṣẹ́ ẹni yẹn o, kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ojú irin mọ́), lẹ́yìn náà ló wá kan adájọ́, adájọ́, adájọ́. Ọdún yẹn gan-an ni Texas, ìpínlẹ̀ tí Houston wà, fòpin sí kéèyàn tẹ ẹgbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà fún gbogbo ipò. Mo ń tẹ orúkọ tí n kò gbọ́ rí, oorun ń gbé mi lọ.

Wọ́n fún mi ní sítíkà kékeré kan. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi. Wọ́n ní, "Ìyẹn nìkan ni wọ́n fún ọ?"

Nígbà tí èsì dé, ìbò Biden ní Texas lé ní mílíọ̀nù 5, tèmi wà nínú ẹ̀. Gbogbo aṣojú 38 lọ sọ́dọ̀ Trump. Láti ìgbà Jimmy Carter lọ́dún 1976 ni ẹgbẹ́ Democrat, ẹgbẹ́ Biden, ò ti mú Texas. Apẹ̀rẹ̀ ni mo fi pọnmi.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo ń ṣe níbí? Owó oṣù tí wọn ò san ló lé mi kúrò nílé, kì í ṣe ìbò. Àmọ́ mo rántí bàbá mi lọ́dún 1993, bí wọ́n ṣe ti ibùdó ìdìbò dé tí wọ́n ń kọrin. Ọjọ́ 11 péré lẹ́yìn ẹ̀ ni Babangida wọ́gi lé gbogbo rẹ̀. Bàbá mi ò tún dìbò mọ́ títí wọ́n fi kú.

Lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kìíní ọdún 2021, àwọn alátìlẹyìn Trump ya wọ ilé aṣòfin ní Washington, torí pé Biden ló wọlé lápapọ̀. Àbúrò mi pè. Inú ẹ̀ ń dùn. "Bọ̀dá mi, ẹ wo ilé aṣòfin yín!" Àfi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà Amẹ́ríkà. Mo ní ẹjọ́ tó lé ní 60 ni wọ́n pè lórí ìbò náà, wọn ò rí i yí padà. Mo ní Trump fúnra ẹ̀ pe Raffensperger, ọ̀gá tó ń bójú tó ìdìbò ní ìpínlẹ̀ Georgia, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, pé kó bá òun wá ìbò 11,780, ọkùnrin náà sì kọ̀. Ta ló máa kọ̀ nílé?

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Tí ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn ò bá kọ̀ ńkọ́?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.