Wákàtí Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n: Àyẹ̀wò Ọdún 2024 Láti Ìdí Dùùrù

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì Kérésìmesì, nígbà tí àlejò ti tán nílé, mo kó gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní dùùrù jọ sórí tábìlì, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kan tí ó yẹ kí n ti ṣe láti ìgbà pípẹ́, nítorí ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú yàrá ìgbàlejò mi ní Bódìjà, Ìbàdàn. Ìṣẹ́jú 45 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lò lọ́dọ̀ mi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí a bá yọ ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́ ibà, ọjọ́ òjò àti ọjọ́ tí mọ́tò wọn kọ̀ tí kò ṣíṣẹ́ kúrò, ọ̀sẹ̀ 36 ni ó kù. Nígbà tí mo sọ ọ́ di púpọ̀, wákàtí 27 ni ó jáde. Ìyẹn ni pé ní odindi ọdún, ọjọ́ kan àti wákàtí mẹ́ta péré ni èmi àti ọmọ tí mo ń pè ní akẹ́kọ̀ọ́ mi fi jókòó pọ̀. Mo tún ìṣirò náà ṣe, mo rò pé mo ti ṣì í ni. N kò ṣì í.

Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé ohun tí mo bá sọ láàárín ìṣẹ́jú 45 yẹn ni ó ń sọ ọmọ di atẹdùùrù, tí mo sì ń gba ìyìn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọjọ́ mẹ́fà tí ọmọ kì í sí lọ́dọ̀ mi ni iṣẹ́ gidi ń ṣẹlẹ̀, tàbí tí kì í ṣẹlẹ̀. Lójú ìyẹn ni mo fẹ́ fi wo ọdún yìí.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó rọrùn láti sọ. Ọmọ 17 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọdún, 14 ni mo fi parí rẹ̀. Ìdílé ọ̀kan kó lọ sí Kánádà. Èkejì yan bọ́ọ̀lù, n kò sì bá a jà, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́n ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, ẹ̀bi mi ni, n óò sì dé orí rẹ̀. Owó tó wọlé pọ̀ ju ti ọdún 2023 lọ nínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé owó iná dé 225 náírà fún ẹyọ kan ní oṣù Kẹrin fún àwa tí wọ́n kà mọ́ ẹgbẹ́ A (Band A, àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lọ), tí bẹntiróòlù náà sì kọjá 1,000 náírà fún lítà kan kí ọdún tó parí, ohun tó kù lọ́wọ́ mi kò tó èyí tó kù lọ́dún tó kọjá. Ọpẹ́lọpẹ́ dùùrù onígi mi tí kò mọ iná mọ̀nàmọ́ná rí. Ìgbà tí iná bá lọ, fèrèsé ni mo máa ń ṣí, iṣẹ́ á sì máa lọ.

Ní oṣù Kìíní, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 9, wá bá mi. Kíbọ́ọ̀dù tó wà nílé wọn kò ní ju eyín 61 lọ (eyín ni àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ń pe ibi funfun àti dúdú tí à ń tẹ̀, mo sì ti gbà á lẹ́nu wọn), nígbà tí ti dùùrù gidi jẹ́ 88. Bí ènìyàn bá tẹ kíbọ́ọ̀dù náà jẹ́jẹ́, bí ó bá sì gbá a, bákan náà ni yóò dún. Mo sọ fún ìyá náà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ìka ọmọ mọ ìwọ̀n. Ó ní, "Àǹtí, ohun tí a ní nìyẹn o." Mo gba ọmọ náà pẹ̀lú ọkàn méjì. Nígbà tí yóò fi di ìparí oṣù Kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ti dúró ṣinṣin ju ti àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ní dùùrù gidi nílé lọ. Mo bi í pé kí ni ó ń ṣe nílé. Ó ní, "Màmá àgbà ló máa ń jókòó tì mí."

Mo lọ kí wọn ní oṣù Kẹfà, mo sì fi ojú ara mi rí i. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, màmá àgbà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù náà, ó gbé àwo ẹ̀gúsí lé itan, ó ń bó o. Wọn kò mọ ibi tí ìka kẹta yẹ kó wà, wọn kò sì ṣe bí ẹni tó mọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ju gbólóhùn méjì lọ. Bí orin bá já mọ́ ọmọ lọ́wọ́, wọn á ní, "Gbé e wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà yẹn, n kò gbọ́ ọ dáadáa." Bí ó bá ń sáré, wọn á dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀gúsí, wọn á bi í pé, "Ta ní ń lé ọ?" Nígbà tí ẹ̀gúsí inú àwo tán, eré tán. Mo wo aago mi: ìṣẹ́jú 22 ni. Ìyá ìyá rẹ̀ ni màmá yìí, ó ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin fún nǹkan bí ogójì ọdún, sólfà ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò sì tíì jókòó nídìí dùùrù rí láyé rẹ̀. Bí a bá ka ìṣẹ́jú 22 yẹn ní ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀, ó ju ìlọ́po méjì àkókò tí èmi ń lò lọ. Ta wá ni olùkọ́?

Mo fi èyí wé ilé mìíràn tí mo mọ̀, níbi tí dùùrù tó dára ju tèmi lọ wà ní pálọ̀, wọ́n fi aṣọ léèsì bò ó, wọ́n sì to fọ́tò ìgbéyàwó àti ti ìkẹ́kọ̀ọ́jáde lé e lórí. Ọmọ ibẹ̀ sọ fún mi pé kí òun tó lè ṣí i, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó fọ́tò 11 sílẹ̀, bàbá òun kì í sì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ̀bi mi. Ọ̀pọ̀ òbí níbí ni ìwé ẹ̀rí ABRSM, ẹgbẹ́ ìdánwò orin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1889, ń wù. N kò bá wọn wí. Ó ń fún ọmọ ní ibi tí yóò máa lé. Ní oṣù Kejì, òbí ọmọbìnrin ọlọ́dún 10 kan ní kí n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ipele kìíní láàárín ọdún. Mo mọ̀ pé kò tíì tó, mo sì ní, "Ó dára." Ìdí tí mo fi gbà kò lọ́lá: mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọmọ ọ̀dọ̀ mi ń yege. Fún oṣù mẹ́rin, orin mẹ́ta péré ni a ń tẹ̀, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Máàkì 150 ni gbogbo rẹ̀, 100 ni ti àṣeyege. Orin mẹ́ta ní 30 kọ̀ọ̀kan, sìkéèlì (títẹ ohùn tẹ̀ lé ara wọn lókè àti sódò) ní 21, kíka orin tí ènìyàn kò rí rí ní 21, àyẹ̀wò etí ní 18. Ọmọ náà gba 60 nínú orin mẹ́ta, èyí tí ó tó gẹ́lẹ́. Ó gba 12, 11 àti 11 nínú ìyókù. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.

Nígbà tí mo jókòó ti ìwé èsì yẹn, mo rí i pé kì í ṣe ọmọ náà ni wọ́n dán wò. Ohun tí èmi kọ́ ọ ni ó mọ̀, ohun tí èmi kò kọ́ ọ ni kò mọ̀. Mo ti kọ́ ọ ní orin mẹ́ta láì kọ́ ọ ní bí a ṣe ń ka orin tàbí bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Nílé pẹ̀lú, mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n ń fi aago ka ìṣẹ́jú 60 fún un lójoojúmọ́, tí ó máa ń fi omijé parí rẹ̀. Kò padà wá ní oṣù Kẹsàn-án. Mo pe ìyá rẹ̀, mo tọrọ àforíjì, wọ́n sì gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní òun kò fẹ́ rí dùùrù mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn lọ́pọ̀ alẹ́ lọ́dún yìí.

Ohun kan jáde láti inú rẹ̀ ṣá. Nínú àyẹ̀wò etí ní ipele kìíní, olùdánwò yóò tẹ orin kúkúrú, ọmọ yóò sì fi ohùn rẹ̀ kọ ọ́ padà. Àwọn ọmọ mi ń ṣe é bí ẹni ń fi ojú dídì wá abẹ́rẹ́. Mo rántí pé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti kọ́ wa ní ohùn èdè wa pẹ̀lú dò, re, mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ fún wọn kí wọ́n fi eyín mẹ́ta dáhùn: ọkọ ìyàwó, re re, ọkọ́ tí a fi ń roko, re mí, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, re dò, ọ̀kọ̀ tí a fi ń ṣọdẹ, dò dò. Lẹ́yìn náà, kí kálukú tẹ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀rín pa wọ́n. Àwọn tí wọ́n ń sọ Yorùbá nílé mú un lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí wọ́n kì í bá sọ ọ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ìyá kan sì pè mí láti béèrè ìdí tí ọmọ rẹ̀ fi ń bi òun pé "oko" àti "okó" ṣe rí. Mo dákẹ́ lórí fóònù.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ Akin Euba, onímọ̀ orin àti atẹdùùrù, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1935, tí ó sì kú ní 2020, mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo dá irú èrò báyìí sílẹ̀. Òun ni ó ta kú pé a lè lo dùùrù bí ẹni ń lo ìlù, kí ó sọ̀rọ̀ bí ìlù ṣe ń sọ. Láti oṣù Kẹwàá ni mo ti ń jẹ́ kí ọwọ́ òsì àwọn àgbà nínú wọn máa tẹ kónkóló, bí agogo ṣe ń lù ú, tí yóò máa yí láì yẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún máa kọrin lórí rẹ̀. Ó le fún wọn ju sìkéèlì lọ, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń lọ fi dánra wò nílé láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn.

Dùùrù náà fúnra rẹ̀ kò sinmi. Ní oṣù Kẹta, eyín mẹ́rin kọ̀ láti dún. Mo ṣí pákó ìsàlẹ̀, mo sì bá ìtẹ́ eku níbẹ̀, ó fi aṣọ nípọn inú ẹ̀rọ náà tẹ́ ilé, ó fi ìràwọ̀ bébà tí mo máa ń lẹ̀ mọ́ ìwé àwọn ọmọ ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tó ń tún ohùn rẹ̀ ṣe wá láti Èkó lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan bí wáyà 230 ni ó ní láti fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí òjò ń wú igi, ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, ohùn á sì máa gòkè, á máa wálẹ̀. Abọ́ omi ti wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí, nínú ọyẹ́ yìí.

Láti oṣù Kẹsàn-án ni mo ti yí ọ̀nà padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn, òbí tàbí ẹnikẹ́ni tó ń bá ọmọ gbélé gbọ́dọ̀ wọlé wá jókòó. N kì í kọ́ wọn ní orin; ohun tí wọ́n máa tẹ́tí sí ni mo ń fi hàn wọ́n, ohun kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú, mo ti gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́rú, kí wọ́n fi ohùn ọmọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ, àṣìṣe rẹ̀ kò sì kàn mí. Òbí méjì bínú pé iṣẹ́ tí wọ́n sanwó rẹ̀ fún mi ni mo ń dá padà fún wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ 12 ni n óò gbà ní ọdún tó ń bọ̀, n kò ní kọjá rẹ̀.

Ní Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, a ṣe eré kékeré wa ní pálọ̀ mi, àga ike 30, puff-puff àti zobo. Orin ìjọ ni ọmọ màmá ẹlẹ́gùúsí yan. Ní ìlà tó kẹ́yìn, ibì kan wà tí ohùn inú ìwé ń gòkè nígbà tí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń wálẹ̀, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ orin tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wa wọ̀ sínú ohùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Láti oṣù Kẹwàá ni mo ti ń fi pẹ́ńsù pupa yí ibẹ̀ fún un, nítorí pé ohùn tó ń wálẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ṣáá, mo sì ń sọ fún un pé kí ó wo ìwé dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn náà, ohùn tó ń wálẹ̀ ni ó tẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó wà níjókòó ti ń kọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀ nígbà náà, màmá àgbà rẹ̀ ni ó ṣíwájú, gbogbo wọn ni wọ́n sì jọ wálẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láì sí ẹnì kan tó gòkè àyàfi èmi tí mo ń kọ ohun tó wà nínú ìwé.

Ìwé ọmọ náà wà níwájú mi báyìí. Àmì pupa mẹ́fà ni mo ti kọ síbẹ̀. Rọ́bà ìparẹ́ kò mú pẹ́ńsù yẹn, nítorí náà mo ti kọ "Mo gbọ́" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ ọ́.