Kí ẹ tó fi tíìkì sí ilẹ̀ yín

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbin tíìkì, igi gẹdú tí wọ́n ń fi ṣe pákó àti òpó iná, ni pé ta ló ni ilẹ̀. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n igi tó máa pẹ́ nílẹ̀ dà bí ẹ̀rí pé ẹni tó gbìn ín ló ni ibẹ̀, kò sì sí onílẹ̀ tó máa gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà fọwọ́ sí ìwé, kí ìwé náà sì sọ ẹni tí yóò gé igi àti bí wọn yóò ṣe pín owó rẹ̀. Àwọn tó fọwọ́ sí i lónìí lè má sí láyé mọ́ nígbà tí igi bá tó gé.

Láti Íńdíà ni àwọn òyìnbó amúnisìn ti kọ́kọ́ mú tíìkì wọ Nàìjíríà, ní ọdún 1902. Ilẹ̀ tó jìn, tí omi kì í dúró sí, ló fẹ́ràn. Nínú àbàtà, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà. Lórí yangí, kò ní ga. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó mítà 1 ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹ bá kan omi tàbí yangí, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Irúgbìn tí wọ́n ti gé ewé rẹ̀ kúrò ni kí ẹ rà: kó nípọn bí àtàǹpàkò, gbòǹgbò 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, igi rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 péré lókè. Ẹ fi ọ̀pá ṣóńṣó lu ihò nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn pinpin, torí afẹ́fẹ́ tó bá kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò ló ń gbẹ ẹ́ pa. Tí ẹ bá fi mítà 2.5 sáàárín wọn, éékà 1 á gba bí 650. Ẹ ro ó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún àkọ́kọ́. Tíìkì kò fẹ́ òjìji, nítorí náà kí ẹ̀gẹ́ tí ẹ bá gbìn sáàárín rẹ̀ jìnnà sí i tó mítà 1.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni ọdún kẹrin sí ìkarùn-ún. Nígbà tí orí àwọn igi bá ti ń kan ara wọn, ó yẹ kí ìdajì kúrò, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó wọ́ àti èyí tó ya ẹ̀ka méjì. Wọn kì í fẹ́ gé e, torí owó ni wọ́n ń ka igi kọ̀ọ̀kan sí. Gbogbo rẹ̀ á wá tẹ́ẹ́rẹ́ bí àtòrì, kò ní tó òpó iná láéláé.

Ewé rẹ̀ tó bá wọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn máa ń gbé iná kíákíá. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro ààlà oko mọ́lẹ̀ gbalaja, ó kéré tán mítà 5. Ẹ má gbìn ín sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí etí odò, torí koríko kì í pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, òjò á sì gbá ilẹ̀ lọ. Igi ìdígbó àti igi afárá ni kí ẹ fi síbẹ̀. Àwọn náà kì í pẹ́ dàgbà.

Ẹ rántí pé kùkùté tíìkì máa ń rú. Ẹni tó bá fẹ́ gé e lẹ́ẹ̀kejì, kó fi èéhù kan tàbí méjì sílẹ̀ lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sì fẹ́ padà sí iṣu àti àgbàdo, kó ti fi owó katapílà tí yóò hú kùkùté sínú ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.