Iná Gbé Mi, Kò Gbé Mi Lọ

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ tí ẹ gbọ́ pé iná gbé mi, tí ẹ ń pe fóònù ìyàwó mi tọ̀sán-tòru, èmi fúnra mi ni mo tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo sì fi tẹ̀ ẹ́. Ògo ni fún Ọlọ́run.

Ẹ mọ̀ pé olùkọ́ físíìsì ni mí, àti pé tí iṣẹ́ bá ti parí, ìdí tiransífọ́mà àlòkù ni ẹ ó ti bá mi. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti pátákó ìpolówó oníná níónì àtijọ́, tó ń gba 230 fóltì wọlé, tó sì ń tú 15,000 fóltì jáde. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi dí inú rẹ̀. Tó bá ti gbó, iná á la ọ̀nà gba inú ọ̀dà náà, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á jù ú fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọwọ́ wọn ni mo ti ń rà á. Màá rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì títí ọ̀dà yóò fi yọ́ kúrò, màá nu kọ́ìlì rẹ̀ (wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀) mọ́, màá wá rì í sínú epo tiransífọ́mà tuntun. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó sì ń dọ̀tí ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú àwọn ọmọ SS2 nígbà tí iná bá ń gun àárín ọ̀pá bàbà méjì láti ìsàlẹ̀ dókè, èyí tí wọ́n ń pè ní àkàsọ̀ Jákọ́bù!

Àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín kọ́ìlì rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iná tó ń jáde ju bí 30 mílíámpù lọ. Ọ̀pọ̀ tó ń tún un ṣe ló máa ń yọ wọ́n kí iná lè le sí i. Èmi ò yọ wọ́n rí. Ká ní tiransífọ́mà maikirowéèfù ni, tí agbára iná tiẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì, òkú mi ni ẹ ò bá máa sọ.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀pá bàbà kan yẹ̀, ó ṣubú lu páìpù omi onírin tó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí àpótí irin tiransífọ́mà náà, mò ń wò ó bóyá ó ti ń gbóná, ìgbọ̀nwọ́ mi sì kan páìpù. Kò yẹ kó ṣe mí ní nǹkan kan, torí wáyà ilẹ̀ ló yẹ kó gba iná kúrò lára àpótí. Àṣé àwọn olè ti wá sẹ́yìn ilé lóru, wọ́n ti gé wáyà bàbà náà níbi tó ti wọlẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ tà. Àárín kọ́ìlì ni wọ́n so mọ́ àpótí, nítorí náà ìdajì 15,000, ìyẹn 7,500 fóltì, bá gba apá mi.

Ẹ̀yin ará, bí 10 mílíámpù ti tó láti de ọwọ́ èèyàn mọ́ ohun tó dì mú. Mo ní kí n ṣíwọ́, ìka ń fún un mọ́ra sí i. Mo fẹ́ kígbe, ohùn kò jáde.

Ọmọbìnrin mi tó máa ń dúró sídìí súìṣì nígbàkigbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́ kò sáré wá dì mọ́ mi. Ó já súìṣì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ dáadáa! Ọwọ́ òsì mi sì wà nínú àpò, bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe máa ń kìlọ̀. Iná wọ àtẹ́lẹwọ́, ó gba ìgbọ̀nwọ́ apá kan náà jáde, kò gba àyà mi kọjá.

Ojú ọgbẹ́ náà kò ju wóró àgbàdo lọ, ṣùgbọ́n ó jìn. Àwọn dókítà fi ẹ̀rọ ṣọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù, wọ́n ń yẹ ìtọ̀ mi wò, torí ẹran ara tí iná bá jó nínú lè ba kíndìnrín jẹ́. Kò bà á jẹ́ o! Àwọn ìka mi kú tipiri fún ìgbà pípẹ́. Ní báyìí, mo ti ń di ṣọ́ọ̀kì mú.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, aládùúgbò tó fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi, Ọlọ́run á san án fún yín. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ la ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn ọmọ SS2 ń bọ̀, ọmọbìnrin mi ló máa ṣáájú ijó. Ẹ wá bá wa jó, oúnjẹ wà.